Kribensis: ẹja ọ̀ṣọ́ tó ti inú odò Nàìjíríà ṣẹ̀ wá, àti bí wọ́n ṣe ń sìn ín nílé

Nínú àwọn ẹja ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń tà ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹja wúrà ló sábà máa ń kọ́kọ́ gba ojú ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n tónítọ̀hún bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, tó wo ìsàlẹ̀ gíláàsì dáadáa, ó ṣeé ṣe kó rí ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ilà dúdú gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá látorí dé ìrù, tí ikùn rẹ̀ sì pọ́n bí omi sóbò. Kribensis ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń sin ẹja ní Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń rà á ni ò mọ̀ pé inú odò Nàìjíríà gan-an ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Àìmọ̀ yìí ń náni lówó. Wọ́n á ra ẹja méjì mẹ́ta, wọ́n á kó wọn sínú abọ́ gíláàsì roboto, wọ́n á da omi ẹ̀rọ sí i lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì gbé e sórí tábìlì pálọ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, ẹja ti ń léfòó, ikùn rẹ̀ lókè. Wọ́n á ní ẹni tó tà á fún wọn ló gbé òkú ẹja lé wọn lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ni.

Ẹbí ẹpìyà ni

Ẹni tó bá ti jẹ ẹpìyà rí ti mọ ẹbí kribensis. Ìdílé kan náà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cichlid ni wọ́n ti wá, ìdílé ńlá tó ní ẹ̀yà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà àti àwọn ibòmíràn. Àwọn kan nínú wọn tóbi débi tí wọ́n ń kún ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn kan ò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ láyé wọn, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní cichlid aràrá. Kribensis jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: akọ rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, abo kì í sábà ju 7 tàbí 8 lọ.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Pelvicachromis pulcher. “Pulcher” lédè Látìn túmọ̀ sí arẹwà. George Albert Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1901. Gúúsù Nàìjíríà ló ti wọ́pọ̀ jù, ní agbègbè Dẹ́ltà níbi tí odò Ọya ti ń ya sí ẹ̀ka ẹ̀ka kó tó dé òkun, àti nínú odò Ethiope ní ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà. Wọ́n tún ń rí i dé apá etíkun Kamẹrúùnù.

Orúkọ tó ń jẹ́ lọ́jà ní ìtàn tirẹ̀. Kribi jẹ́ ìlú kan létí òkun ní Kamẹrúùnù, ìlú yìí ni wọ́n sì fi sọ orúkọ ẹ̀yà mìíràn tó jọ ọ́, tí Boulenger kan náà kọ nípa rẹ̀ ní 1911. Àwọn oníṣòwò ẹja wá gbé orúkọ yẹn lé ẹja Nàìjíríà lórí, ó sì mọ́ ọn lára títí dòní. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ dá ẹja Kribi padà sí àyè ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tó dá dúró, tó ń jẹ́ Pelvicachromis kribensis. Nítorí náà, nínú ìwé, ẹja tó ń jẹ́ kribensis lọ́jà kì í ṣe kribensis. Àṣìṣe yẹn ti pẹ́ jù kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe ní ìdí káńtà.

Wọ́n tún ní ìbátan kan tó ń jẹ́ Pelvicachromis taeniatus, tí wọ́n ń rí ní Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin. Òun náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbẹgẹ́ ju ti pulcher lọ, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ rà.

Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ẹja yìí bi ẹni tó ń tà á bóyá inú odò ni wọ́n ti kó o tàbí inú àpótí ni wọ́n bí i sí. Èyí tí wọ́n bí sínú àpótí ti ń mu oríṣiríṣi omi láti kékeré, ó sì ń jẹ oúnjẹ oníkóró. Èyí tó ti inú odò wá máa ń fẹ́ omi tó fúyẹ́ tó sì kan díẹ̀, ó lè kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè gbé aràn dání.

Mímọ akọ yàtọ̀ sí abo

Nínú ọ̀pọ̀ ẹja, akọ ló ń ṣoge. Ti kribensis yàtọ̀. Abo ló gbé àwọ̀ ikùn tó ń mú èèyàn dúró wò: pupa tó fẹ́ wọ àwọ̀ àlùkò, tó máa ń dán sí i nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Abo kúrú, ikùn rẹ̀ yíká. Akọ gùn, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, lẹbẹ ẹ̀yìn àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹnu ṣómúṣómú. Ìrù rẹ̀ fẹ̀, ó sì sábà máa ń ní àmì dúdú roboto bí ẹyinjú.

Akọ pàápàá ò dọ́gba. Àwọn kan ní pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí níbi tí wọ́n fi ń mí, àwọn kan ní àwọ̀ òféefèé. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí wọn rí i pé akọ olórí pupa le ju èkejì lọ, ó sì lè ní ju ìyàwó kan lọ. Akọ olórí òféefèé sábà máa ń dúró ti abo kan ṣoṣo, tàbí kó lọ fara mọ́ agbo ilé olórí pupa kan, kó máa bá a ṣọ́ ilẹ̀. Ẹni tó ra ẹja láti fi ṣọ̀ṣọ́ pálọ̀ lè wá rí i pé òun ti gbé ilé olórogún wọlé.

Lọ́jà, ẹja kékeré tí wọ́n ń dààmú kì í yọ àwọ̀. Ẹni tó bá ń wá tọkọtaya á ṣe dáadáa bó bá ra mẹ́fà tó ṣì kéré, tó jẹ́ kí wọ́n dàgbà pọ̀ nínú àpótí tó fẹ̀, kí àwọn méjì tó bá fẹ́ra wọn yan ara wọn. Kó wá fún ọ̀rẹ́ ní ìyókù tàbí kó dá wọn padà fún ẹni tó tà wọ́n. Akọ kan àti abo kan tí wọ́n fipá kó pọ̀ lè máa jà títí ọ̀kan á fi kú.

Àpótí àti ohun tó wà nínú rẹ̀

Fún tọkọtaya kan, àpótí gíláàsì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó sì ga ní 30 tó. Èyí máa gba nǹkan bíi lítà 54. Bí ẹja mìíràn bá máa bá wọn gbé, lítà 80 sí 100 ló dáa. Gígùn ṣe pàtàkì ju gíga lọ, torí ìsàlẹ̀ ni kribensis ń gbé. Kí wọ́n gbàgbé abọ́ roboto.

Yanrìn ni kí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀, yanrìn odò tí wọ́n ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Kribensis máa ń fi ẹnu wa ilẹ̀, òkúta tó bá mú lè ṣe é léṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ihò ló kù. Ẹja yìí ò lè gbé láìní ihò tó lè wọ̀, ihò náà sì gbọ́dọ̀ ju iye àwọn tó fẹ́ ẹ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìjà ò ní tán. Kò sídìí láti náwó sí ilé oníke tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Àpáàdì ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ ti tó. Èèpo àgbọn líle tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n sè dáadáa, tí wọ́n sì dá ojú kékeré lu lẹ́gbẹ̀ẹ́, sàn ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń tà lọ. Kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ níwọ̀n tí abo máa fi wọlé láìfara pa.

Igi tó ti rì sínú omi pẹ́ dáa. Ewé omi náà dáa, ilẹ̀ Áfíríkà sì ní tirẹ̀ tó bá ẹja yìí mu: Anubias, tó máa ń hù létí odò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, kò sì fẹ́ iná púpọ̀. Wọn kì í rì í mọ́ yanrìn, ńṣe ni wọ́n ń fi òwú so ó mọ́ igi tàbí òkúta, torí gbòǹgbò rẹ̀ tó nípọn máa jẹrà bí wọ́n bá bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn sì tún bọ́ sí i, torí ewé tí wọ́n bá gbìn sínú yanrìn ni kribensis máa hú jáde lóru tó bá fẹ́ tún ilé ṣe.

Ohun kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn tó wà ní Yúróòpù ń fowó rà: ewé furúùtù, igi tó ń ṣíji bo ọ̀pọ̀ ọgbà ilé ìwé nílẹ̀ Yorùbá. Ewé rẹ̀ tó ti gbẹ tó sì ti já fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi omi ṣàn, tí wọ́n sì jù ọ̀kan tàbí méjì sínú omi, máa sọ omi di àwọ̀ tíì, ó sì máa jẹ́ kó kan díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni omi inú ọ̀pọ̀ odò kéékèèké tí ẹja yìí ti wá ṣe rí. Kí wọ́n má ṣa ti ẹ̀gbẹ́ títì tí epo mọ́tò ń ta sí, tàbí ti ibi tí wọ́n ti ń fọ́n òògùn apakòkòrò.

Omi, níbi tí ọ̀rọ̀ wà

Ẹja ń jẹ, ó ń tọ̀, ó ń ṣu sínú omi kan náà tó ń mí. Ìdọ̀tí yìí máa ń di amóníà, amóníà sì ń jó ara ẹja bí ìgbà tí wọ́n da ata sí ojú ọgbẹ́. Nínú odò, omi tó ń ṣàn ń gbé e lọ. Nínú àpótí, kò síbi tó ń lọ. Àwọn kòkòrò àìrí kan ló máa ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà ṣì lóró. Òmíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu bí kò bá pọ̀ jù. Inú fóòmù fílítà, lára yanrìn àti lára igi ni àwọn kòkòrò yìí ń gbé. Wọn ò sí nínú àpótí tuntun. Wọ́n nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó.

Ohun tó ń pa ẹja láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Omi mọ́ lójú, ó ń dán, kò rùn, síbẹ̀ amóníà ti kún inú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ á tò àpótí rẹ̀, á tan fílítà, á máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ láìsí ẹja nínú rẹ̀, kí amóníà lè wà fún kòkòrò láti jẹ. Bí ọ̀rẹ́ kan bá ní àpótí tó ti pẹ́ tí ẹja inú rẹ̀ sì lálàáfíà, fóòmù ìdọ̀tí díẹ̀ láti inú fílítà rẹ̀ lè dín ọjọ́ ìdúró kù gan-an. Ọjọ́ tí ohun èlò ìwọ̀n bá fi hàn pé amóníà àti nitrite ti di òdo, lọ́jọ́ náà ni kí ẹja wọlé. Ohun èlò yìí, ìyẹn àwọn ìgò òògùn kéékèèké tí wọ́n ń kán sínú omi láti wo àwọ̀ rẹ̀, ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí wọ́n tó ra ẹja.

Ibo ni omi ti ń wá? Èyí tí ìjọba ń fà wá sílé lè ní kílóríìnì nínú, kílóríìnì sì ń pa ẹja àti kòkòrò inú fílítà. Kí wọ́n pọn ọ́n sínú báàfù, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko kí wọ́n tó lò ó, tàbí kí wọ́n lo òògùn tó ń pa kílóríìnì. Omi bọ̀hóòlù kì í ní kílóríìnì àfi bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ tánkì, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó, ó máa ń kan, ó sì máa ń ní irin, èyí tó ń sọ báàfù funfun di pupa. Kí wọ́n pọn ọ́n sílẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ ẹ títí irin yẹn á fi silẹ̀, kí wọ́n wá rọra bu òkè rẹ̀.

Ti kíkan omi, pH ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Méje ni àárín. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ méje kan, ohun tó bá kọjá rẹ̀ ò kan. Kribensis ń gbé dáadáa láàárín 6 sí 7.5, èyí tó ti inú odò wá lè fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ewu tó wà nínú omi bọ̀hóòlù tó fúyẹ́ ni pé kò ní ohun tó ń di pH rẹ̀ mú: ó lè wà ní 6 lónìí, kó já sí 4.5 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìdọ̀tí bá pọ̀. Ìkarahun ìgbín tí wọ́n sè, tí wọ́n sì fọ́ díẹ̀ sínú fílítà, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí omi bá ti ń kan, kò sì ní jẹ́ kó já lójijì. Kí ó má pọ̀. Ẹja fara da pH tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ju pH tó ń fò sókè sódò lọ.

Ọ̀rọ̀ pH yìí tún kan ọmọ. Ìwádìí ti fi hàn pé pH omi tí ọmọ kribensis fi bẹ̀rẹ̀ ayé máa ń nípa lórí iye tó máa di akọ àti iye tó máa di abo nínú wọn. Ẹni tó ń sìn ín fún títà tó sì ń rí akọ lásán nínú gbogbo ìran, kó lọ wọn omi rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n bu ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà dànù, kí wọ́n fi omi tuntun tí ooru rẹ̀ jọra rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo omi náà. Àṣà kí wọ́n máa kó ẹja síta, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ àpótí, yanrìn àti fílítà títí á fi máa dán, ló ti pa ẹja tó pọ̀ ju àìsàn lọ, torí gbogbo kòkòrò tó ń jẹ amóníà ni wọ́n ti fọ̀ dànù. Fóòmù fílítà, inú omi tí wọ́n bù láti inú àpótí náà ni kí wọ́n ti fún un. Ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù bá ọ̀rọ̀ mìíràn pàdé. Omi ibẹ̀ le, kíláráàmáìnì ni wọ́n sì ń fi sí i dípò kílóríìnì lásán, èyí tí kì í fò lọ bí wọ́n bá ṣí omi sílẹ̀. Òògùn ìtọ́jú omi pọn dandan níbẹ̀, àti ẹ̀rọ amóoru nígbà òtútù. Kribensis tí wọ́n bí sínú àpótí máa ń fara da omi líle.

Ooru àti iná

Ìwọ̀n ooru digírì 24 sí 27 ló bá kribensis lára mu jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ìsàlẹ̀ Èkó, omi ti wà níbẹ̀ tàbí kó kọjá rẹ̀ díẹ̀ láìsí ẹ̀rọ amóoru. Ìṣòro ni oṣù kejì àti ìkẹta, nígbà tí oòrùn bá mú tí iná ò sì sí. Omi gbígbóná kì í gba atẹ́gùn púpọ̀. Kí àpótí má sí níbi tí oòrùn fèrèsé ti ń bà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó níbẹ̀.

Ní ti iná, ẹni tó ń sin ẹja ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ tò àpótí rẹ̀ bí ẹni pé iná á lọ lálẹ́ òní. Fílítà onífóòmù tí ẹ̀rọ atẹ́gùn ń gbé ló rọrùn jù, torí ẹ̀rọ rẹ̀ ò jẹ iná púpọ̀, ẹ̀yà rẹ̀ tó ń lo bátìrì sì wà lọ́jà. Bí iná bá lọ fún wákàtí pípẹ́ tí kò sí bátìrì, ẹni tó wà nílé lè máa fi kọ́ọ̀bù bu omi inú àpótí, kó máa dà á padà láti òkè ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mélòó kan sí ara wọn. Kó má fún wọn lóúnjẹ títí iná á fi dé. Kó má sì kó ẹja pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àpótí tí ẹja inú rẹ̀ mọ níwọ̀n lè fara da òru kan láìsí iná, èyí tó kún fọ́fọ́ ò lè ṣe é.

Òògùn ẹ̀fọn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fọ́n nínú yàrá ní èròjà tó lóró gan-an fún ẹja. Ẹ̀rọ atẹ́gùn á fa á wọ inú omi tààrà. Yàrá tí ẹja bá wà, àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí wọ́n lò níbẹ̀.

Oúnjẹ

Nínú odò, kribensis ń ha ewé wẹ́wẹ́ ara òkúta jẹ, ó sì ń jẹ aràn àti kòkòrò kéékèèké. Oúnjẹ oníkóró wẹ́wẹ́ tó ń rì ni kí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìwọ̀n tó máa jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Kí wọ́n fi aràn dídì àti edé wẹ́wẹ́ kún un lọ́sẹ̀. Tánwíjí wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹja sì ń fi ìdùnnú jẹ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì jáde. Ṣùgbọ́n inú báàfù omi mímọ́ ni kí wọ́n ti bù ú, kì í ṣe inú gọ́tà, kí wọ́n sì bu ìwọ̀n tó máa tán lójú ẹsẹ̀, nítorí èyí tó bá ṣẹ́ kù á hu ìyẹ́ lọ́la, á sì wá jẹ ẹni tó gbé e wọlé.

Ta ni kó bá a gbé?

Ẹja kéékèèké tó ń lúwẹ̀ẹ́ lókè àti láàárín omi, tí wọ́n sì ń rìn pọ̀ lẹ́gbẹ́, ló bá a mu, bíi àwọn ẹ̀yà tetra. Wíwà wọn tilẹ̀ ń fi kribensis lọ́kàn balẹ̀ láti jáde síta. Àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ bíi tirẹ̀ máa jìyà. Ẹja wúrà ò gbọ́dọ̀ bá a gbé, omi tútù ni tiwọn, ìdọ̀tí wọn sì pọ̀. Ọmọ àrọ̀ kékeré tí wọ́n rà torí pé ó rẹwà á dàgbà, á sì gbé gbogbo wọn mì lóru ọjọ́ kan.

Nígbà tí wọ́n bá bímọ

Ibi tí ẹja yìí ti gba ọkàn àwọn tó ń sìn ín nìyí. Abo ló ń lọ bá akọ. Á tẹ ara rẹ̀ kọ́rọ́, á gbé ikùn pupa yẹn sí akọ lójú, á máa gbọ̀n rìrì. Bí akọ bá gbà, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í wa yanrìn kúrò nínú ihò, ẹnu kún ẹnu, títí ẹnu ọ̀nà á fi kù díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, abo á wọlé, kò ní jáde mọ́. Òrùlé ihò ló ń lẹ ẹyin mọ́, ó lè tó igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún.

Iṣẹ́ wá pín. Abo ń tọ́jú ẹyin nínú ilé, akọ ń ṣọ́ ìta. Ní bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹyin á pa. Nǹkan bí ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ lẹ́yìn tó yé e, abo á jáde pẹ̀lú ìkùukùu àwọn ọmọ tín-tìn-tín yí i ká. Bí ewu bá dé, á ju lẹbẹ rẹ̀ lọ́nà kan, gbogbo ọmọ á sì bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní mira. Bí ọmọ kan bá ṣáko lọ, á fi ẹnu gbé e, á sì tu ú padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á kó gbogbo wọn wọlé.

Ìran àkọ́kọ́ sábà máa ń bàjẹ́. Òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ lè jẹ ẹyin tán pátápátá, pàápàá bí ẹnikẹ́ni bá ń gbé ihò náà wò tàbí tó ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn wọ́n lójú. Kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílò oúnjẹ tó kéré púpọ̀, edé brine tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló dára jù, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ewé furúùtù tó ti ń jẹrà nílẹ̀ á tún fún wọn ní ohun tí wọ́n lè máa ṣa jẹ láàárín.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, kí ẹni tó ni wọ́n máa ṣọ́ akọ. Abo tó ní ọmọ lè yíjú padà sí i, kó máa lé e kiri pé ó sún mọ́ àwọn ọmọ jù. Nínú odò, á sá lọ. Nínú àpótí kékeré, kò síbi tó lè sá sí. Kí wọ́n ní ihò kejì fún un ní ìkangun kejì, tàbí kí wọ́n gbé e kúrò.

Àìsàn, ní ṣókí

Ẹja tuntun ò gbọ́dọ̀ wọ àpótí àgbà lọ́jọ́ tó dé. Kó dá gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin nínú báàfù tàbí àpótí kékeré tó ní fílítà. Àmì funfun wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ lára, lẹbẹ tó ká mọ́ra, mímí kíákíá lójú omi, kíkọ oúnjẹ: bí wọ́n bá rí èyíkéyìí, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn amóníà àti nitrite kí wọ́n tó ra òògùn. Òògùn tí wọ́n dà sínú omi burúkú ń fi ikú kún ikú ni.

Àwọn cichlid aràrá mìíràn tó wà lọ́jà

Ram, tó ń jẹ́ Mikrogeophagus ramirezi, àgbègbè odò Orinoco ní Venezuela àti Colombia ló ti wá. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ ń tàn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì fẹ́ ooru tó tó 27 sí 30, èyí tó bá ilé Èkó mu. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gba ìyà: omi tó yí padà díẹ̀ lè pa á. Apistogramma cacatuoides, tó wá láti agbègbè Amazon, le jù ú lọ, akọ rẹ̀ sì ń gbé lẹbẹ ẹ̀yìn sókè bí ìrèré àkùkọ. Ó fẹ́ abo bíi mẹ́ta fún akọ kan, ihò kọ̀ọ̀kan fún abo kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti sin kribensis fún ọdún kan tí wọn ò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lè gbìyànjú àwọn wọ̀nyí.

Bí ọmọ bá pọ̀ jù, ṣọ́ọ̀bù ẹja sábà máa ń gbà wọ́n bí wọ́n bá ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, bóyá fún owó, bóyá fún pàṣípààrọ̀ oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dà wọ́n sínú odò tàbí kànáàlì, kódà bó ṣe pé ọmọ Nàìjíríà ni ìran wọn. Ẹja tó ti bá ẹja òkè òkun gbé nínú omi kan lè gbé àìsàn lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ tó wà nínú odò, tí wọn ò sì ní agbára àtikojú rẹ̀.